Ọdẹ́gbèmí àti Orin tí Kò Ṣe é Pa Rẹ́

Ẹ sún mọ́ra díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìwọ tí o dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọlé wá jókòó. Ìwọ tí ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ, fún un lọ́mú kó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò gùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ó kún fún kọ́nà, ẹni tó bá sì tòògbé níbi kọ́nà kan, ó lè má bá wa dé ilé.

Ọdẹ kan wà ní abúlé Ìdí-Àràbà, Ọdẹ́gbèmí ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ tó kù láyé, tí ẹ kò sì dárúkọ rẹ̀, ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà wọ igbó níbi tí àwọn ìwin ti ń ṣe ìpàdé, ó jókòó sáàárín wọn, ó sì bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Ó bá ẹfọ̀n jìjàkadì, nígbà tó rẹ ẹfọ̀n náà, ó ní kó lọ mu omi kó padà wá. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, ṣé o ti bá ewúrẹ́ pàápàá jà rí?

Kò sí ohun tó ń ba Ọdẹ́gbèmí lẹ́rù nínú igbó. Nínú ilé ni ẹ̀rù ti ń bà á. Owú ni. Bí Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ bá kí oníbúrẹ́dì, tó sì fi ẹ̀rín kún un, Ọdẹ́gbèmí kò ní fẹnu kan búrẹ́dì lọ́jọ́ náà. Bí Àyọ̀ká bá ní ẹ̀wù tí pásítọ̀ wọ̀ dára, ọdẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìjọ mìíràn. Ó mọ̀ pé ìwà náà kò dáa. Nínú igbó, á máa sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti jáwọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí òrùlé ilé rẹ̀ lókèèrè báyìí, gbogbo rẹ̀ á tún padà gùn ún lọ́rùn.

Àyọ̀ká ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ló fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ń bá àwọn ará abúlé tẹ ìwé ìsìnkú, ìwé ìgbéyàwó, àti ìbéèrè ìdánwò ilé ẹ̀kọ́. Inú kọ̀ǹpútà yìí ni wàhálà fara pamọ́ sí. Fáìlì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ orin. Akínlàbí ló kọ ọ́. Akínlàbí yìí ni ẹni tó kọ́kọ́ ń dọdẹ Àyọ̀ká kí Ọdẹ́gbèmí tó dé. Ó ti lọ sí òkè òkun tipẹ́, ó ti gbéyàwó, ó ti bímọ, irun orí rẹ̀ sì ti ń re. Ṣùgbọ́n nígbà èwe wọn, ó kọrin fún Àyọ̀ká, wọ́n sì gba orin náà sínú fóònù. Nígbà tí fóònù bàjẹ́, Àyọ̀ká kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kò wo ohun tó ń kó.

Ọjọ́ tí Ọdẹ́gbèmí kọ́kọ́ ṣèèṣì gbọ́ orin yìí, ó gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá ìyàwó rẹ̀.

“Ẹ pa á rẹ́,” ni Àyọ̀ká wí. Ẹ̀wà ló ń ṣà lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mi ò rántí pé ó wà níbẹ̀ mọ́.”

Ọdẹ́gbèmí ní òun á pa á rẹ́. Kò pa á rẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ní iṣẹ́ pọ̀. Lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ ṣì pọ̀, títí ọ̀sẹ̀ fi ń gorí ọ̀sẹ̀. Nígbà tó wá ráyè, tó tẹ ibi tí a ń tẹ̀ láti pa fáìlì rẹ́, kọ̀ǹpútà kọ̀. Ọ̀rọ̀ jáde lójú rẹ̀ pé: *Fáìlì yìí kò ṣe é pa rẹ́. Ẹnì kan ṣì ṣí i sílẹ̀.*

Ó tún un tẹ̀. Kọ̀ǹpútà tún kọ̀. Ó dé e, ó ṣí i. Ó fa okùn iná yọ, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Ó gbá a létí bí ẹni gbá ọmọ aláìgbọràn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde. Ẹnì kan ṣì ṣí i sílẹ̀.

“Ta ni?” Ọdẹ́gbèmí yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

“Ta ni kí ni?”

“Ta ló ṣí i sílẹ̀?”

“Ọkọ mi, ẹ̀wà ni mò ń ṣà.”

“Mo mọ̀ pé ẹ̀wà lò ń ṣà! Ẹnì kan di orin Akínlàbí mú, kò fẹ́ kó kú. Bí kì í bá ṣe òun ló na ọwọ́ wá láti òkè òkun, ta ló tún kù nínú ilé yìí?”

Àyọ̀ká gbé atẹ́ ẹ̀wà sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára ìró.

“Ẹ wò mí lójú,” ó ní. “Ọ̀rọ̀ oníbúrẹ́dì, mo gbà. Ti pásítọ̀, mo gbà. Ẹ wá ń bá mi jà nítorí ohùn inú ẹ̀rọ. Ó ti sú mi. Ẹ lọ wá ẹni tó ṣí i sílẹ̀. Mò ń lọ di báàgì mi báyìí. Bí ẹ bá dé, tí ẹ kò ní orúkọ ẹlòmíràn lẹ́nu ju tèmi lọ, ilé ẹ̀gbọ́n mi l'Ọ̀yọ́ ni mò ń lọ, n kò sì ní padà.”

Ó wọ yàrá. Ọdẹ́gbèmí gbọ́ ìró síìpù báàgì. Àyọ̀ká kì í sọ ohun tí kò ní ṣe.

Ó dìde, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó fi àdá sí ìdí, ó wọ gbérí ọdẹ rẹ̀ tó kún fún oògùn. Ó gbé egbé dání, oògùn tó máa ń gbé àwọn baba rẹ̀ kúrò lójú ewu. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó gbá egbé náà mọ́lẹ̀, ó ní: “Ẹ̀rọ, ṣílẹ̀kùn fún mi. Èmi ọmọ ọdẹ ló dé. Ibi tí fáìlì ń gbà wọ inú rẹ ni kí n gbà. Bí o bá gbé mi mì, kí o pọ̀ mí sí ibi tí mò ń lọ.”

Kó tó pa ẹnu dé, ó ti bára rẹ̀ nínú igbó.

Ẹ̀yin ará, irú igbó yìí kò sí níbì kan láyé. Igi rẹ̀ kò ní gbòǹgbò, ewé rẹ̀ ń tàn bí ojú ológbò, ọ̀rọ̀ ló sì wà lára ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ara rẹ̀ sókè. Ewé kan ń dárúkọ àwọn ọmọ olóògbé. Òmíràn ń pe gbogbo ará àti ọ̀rẹ́ wá síbi ìgbéyàwó. Òmíràn tún dí ọ̀nà mọ́ ọdẹ, ó ní, “Ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀dọ̀.” Ọdẹ́gbèmí ti yọ ẹ̀dọ̀ lára ẹran tí kò níye, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yára kọjá.

Ní òpin igbó náà ni oníbodè kan dúró sí. Orí rẹ̀ jẹ́ àgádágodo ńlá, kò sì ní ojú.

“Ta ló ń bọ̀?”

“Èmi Ọdẹ́gbèmí, tó ń rìn tí ẹkùn ń yà lọ́nà! Èmi tí ìwin ń kí kí n tó kí wọn! Èmi tí—”

“Mi ò béèrè ohun tí o pa,” ni oníbodè wí. “Ta ló ni ẹ̀rọ yìí?”

Ọdẹ́gbèmí sọ àyà tó gbé sókè kalẹ̀. “Ìyàwó mi.”

“Àlejò ni ọ́ nígbà náà. Àlejò kò láṣẹ láti pa ohunkóhun níbí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó ni ẹ̀rọ ló rán ọ, sọ ọ̀rọ̀ ìṣílẹ̀kùn tó ń tẹ̀ láràárọ̀ kó tó wọlé.”

Ọdẹ́gbèmí kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n owú mọ̀ ọ́n, tàbí kí n sọ pé owú rò pé òun mọ̀ ọ́n. Ó bú sí ẹ̀rín kíkorò. “Mo mọ̀ ọ́n! Kí ni ì bá tún jẹ́? Akínlàbí!”

“Kì í ṣe òun.”

“Orin Akínlàbí!”

“Kì í ṣe òun.”

“Akínlàbí ọkọ mi!”

“Arákùnrin,” ni oníbodè wí, “ṣé kò sí èèyàn mìíràn ní abúlé yín ni?”

Ọdẹ́gbèmí dárúkọ oníbúrẹ́dì. Ó dárúkọ pásítọ̀. Ó dárúkọ tíṣà tó ń mú ìbéèrè ìdánwò wá tẹ̀. Oníbodè ń mi orí, irin orí rẹ̀ sì ń dún. Nígbà tó yá, ó ní òun máa jù ú síta. Ìbínú àti ìtìjú ni Ọdẹ́gbèmí fi pariwo pé, “Ó dáa, kọ Ọdẹ́gbèmí síbẹ̀! Kọ orúkọ ẹni tí wọ́n ń tàn jẹ síbẹ̀!”

Àgádágodo náà dún gbàmù, ó sì ṣí.

Ọdẹ dúró bí igi. Ẹ mọ̀ pé Àyọ̀ká jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ilé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé, kò fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí. “Ọkọ mi” ló ń pè é, tàbí “baálé ilé.” Bí wọ́n bá ní kó dárúkọ rẹ̀ fún àlejò, á ní kí wọ́n bi ará ilé kejì. Orúkọ tí kò jẹ́ kó ti ẹnu rẹ̀ jáde yìí, ìka rẹ̀ ló fi ń pè é láràárọ̀. Ìwọ obìnrin tó jókòó níbẹ̀ yẹn, mo rí i pé ò ń mi orí, ó ti yé ọ. Ṣùgbọ́n kò yé Ọdẹ́gbèmí. Ohun tó sọ nínú ara rẹ̀ ni pé, “Haa! Ó ti mọ̀ pé n ó wá! Ó fi orúkọ mi dí ẹnu ọ̀nà kí n má baà fura!” Bí owú ṣe ń ronú nìyẹn.

Ó kọjá ẹnubodè, kò sì pẹ́ tó fi pàdé ìwin kan tó rí roboto bí òrùka. Kò ní ẹsẹ̀, kò ní ọwọ́. Kìkì pé ó ń yí lójú kan náà ló ń ṣe, ó sì dí ọ̀nà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀,” ni ìwin náà wí.

“Kúrò lọ́nà!”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀.”

Ọdẹ́gbèmí yìnbọn sí i. Ọta gba ihò àárín rẹ̀ kọjá. Ó fi àdá ṣá a, àdá ta padà. Ó pe ọfọ̀ tó ń mú erin kúnlẹ̀, ìwin náà ń yí. Ó rọ̀ mọ́ ọn, ìwin gbé e yí, orí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sókè, gbogbo ohun tó jẹ lówùúrọ̀ sì fẹ́ padà wá kí i. Bó ṣe ń lù ú tó ni ìwin náà ń yára yí sí i. Ìyà tí ẹfọ̀n kò fi jẹ ẹ́, òrùka fi jẹ ẹ́. Ohun tó burú jù ni pé bó ṣe ń yí náà ló ń rí Akínlàbí lọ́kàn rẹ̀, tó jókòó sínú àga lókè òkun, tó ń fi ìka kan di orin rẹ̀ mú, tó ń rẹ́rìn-ín.

Ó rẹ ọdẹ. Ó jábọ́, ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ìbọn lé itan, ó sì dákẹ́. Bó ṣe dákẹ́ ni ìwin náà dẹwọ́. Ó yí díẹ̀, ó dúró.

“Ẹ ṣeun tí ẹ dúró,” ó ní. Ó sì parẹ́.

“Ṣé ohun tí o fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?” Ọdẹ́gbèmí kígbe tẹ̀lé e. “O ò bá ti sọ fún mi!”

Iwájú ibẹ̀ ni ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Adúró-de-Ìpè. Ìlú àwọn fáìlì tí wọ́n ti sọ nù ni, tí wọn kò tíì kú. Gbogbo ará ìlú ló di ẹrù, tí wọ́n jókòó lé e, tí wọ́n ń wo ojú ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe rí Ọdẹ́gbèmí ni gbogbo wọn dìde.

“Ṣé wọ́n ní ká máa bọ̀?”

“Èmi kọ́ ni wọ́n rán,” ni Ọdẹ́gbèmí wí.

Ìwé ìgbéyàwó kan tó wọ aṣọ aláràbarà kẹ́dùn. “Wọ́n ṣi orúkọ ọkọ tẹ̀ lára mi, ni wọ́n fi sọ mí nù. Mo ń retí pé bóyá ìyàwó á yí ọkàn padà, á fẹ́ ẹni tí mo kọ.”

“Ẹ jẹ́ kó rọra retí,” ni ìwé ìsìnkú kan wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Èmi, baba tí wọ́n fẹ́ fi mí sin ló jí. Ṣé kí n bínú ni?”

Ọdẹ́gbèmí béèrè bóyá orin Akínlàbí wà láàárín wọn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ ìlú náà, fáìlì arúgbó kan tí ara rẹ̀ ti ń ṣá, ní: “Ìwọ ni ọdẹ tí ọ̀bẹ rẹ̀ kú! A ń rí orin yẹn. Ó ń dé ẹnubodè wa, á fẹ́ wọlé, nǹkan á tún fà á padà. Ó ti pẹ́ tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ kan wà lára rẹ̀.”

“Ọwọ́ ta ni?”

“Àwa kì í rí ọwọ́. Afojúsọ́wọ́ ló ń rí i, arúgbó tó wà ní oríta. Ṣùgbọ́n sọ fún mi, bí ọwọ́ náà bá kúrò, ṣé kí orin náà wá bá wa jókòó?”

“Jókòó kẹ̀?” Ìbínú ru bo Ọdẹ́gbèmí lójú. “Kó jókòó, kí Àyọ̀ká lè pè é padà lọ́jọ́ kan? Rárá! Kó kọjá lọ tààrà. Mi ò fẹ́ kó simi níbí rárá.”

“Ṣé ó dá ọ lójú? Ẹni tó bá kọjá láìjókòó níbí, kò sí ẹ̀dá tó lè pè é padà.”

“Ó dá mi lójú ju bí orúkọ mi ṣe dá mi lójú lọ.”

“A ti gbọ́,” ni Baálẹ̀ wí, ó sì súfèé sí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè.

Oríta kò jìnnà. Arúgbó obìnrin kan jókòó síbẹ̀ lórí àpótí, okùn ìmọ́lẹ̀ tí kò lóǹkà sì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, okùn kọ̀ọ̀kan láti ara fáìlì lọ sí ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára wọn. Afojúsọ́wọ́ nìyẹn. Ọdẹ́gbèmí dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló di orin Akínlàbí mú?”

“Kọ́kọ́ dá mi lóhùn,” ni arúgbó wí. “Kí ni ohun tí èèyàn fẹ́ pa, tó tún ń fún lóúnjẹ láràárọ̀?”

Ọdẹ́gbèmí kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. “Àgbò iléyá!”

Arúgbó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. “Kò burú, kò burú. Kì í ṣe èyí tí mò ń bi ọ́, ṣùgbọ́n o pa mí lẹ́rìn-ín, n ó fi ọ́ mọ̀nà. Tẹ̀lé okùn pupa yẹn. Ọwọ́ náà wà ní ìdí rẹ̀.”

Ọdẹ́gbèmí tẹ̀lé okùn náà dé ibi gbalasa kan. Ẹ̀dá kan tí ara rẹ̀ dà bí èéfín jókòó síbẹ̀, ohùn Akínlàbí ló sì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Orin náà nìyẹn. Ọwọ́ ńlá kan gbá a lọ́rùn mú gírígírí. Ọwọ́ nìkan ni, kò ní ara, òkùnkùn ló ti na jáde.

“Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ọ́, Akínlàbí!” Ọdẹ́gbèmí ké, ó yọ àdá, ó gbé e sókè tagbáratagbára, ó sì ṣá ọwọ́ náà ní ọrùn ọwọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló ké ìrora. Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Ó wo ọwọ́ tó gbá orin mú, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára tiẹ̀ náà ní ojú kan náà. Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀. Àpá kan wà níbẹ̀, ibi tí ẹ̀tù ìbọn ti jó o nígbà tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ ọdẹ. Àtàǹpàkò ọwọ́ kejì ní àpá kan náà.

Afojúsọ́wọ́ ti tẹ̀lé e dé. “Ọmọ mi,” ó ní, “ní àgọ́ ọdẹ yín, bí ẹran bá ṣubú, kí ni ẹ máa ń ṣe?”

“Gbogbo ọdẹ tó bá lọ́wọ́ nínú pípa rẹ̀ á gbé ọwọ́ lé e,” ni Ọdẹ́gbèmí wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. “Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kan ẹran náà títí gbogbo ọwọ́ á fi kúrò. Ẹni tó bá gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò ti gbà pé òun kò jà mọ́.”

“Ìwọ wá gbé ọwọ́ lé e, o tún mú ọ̀bẹ, ò ń pariwo pé ta ló gbé ọwọ́ lé e.”

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ má wulẹ̀ wo ara yín. Bó ṣe rí nìyẹn. Láràárọ̀, bí Àyọ̀ká bá ti ṣí kọ̀ǹpútà sílẹ̀, tó gbé kèrègbè lọ sódò, Ọdẹ́gbèmí á yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù. Á ní òun fẹ́ lọ pa orin náà rẹ́. Ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ gbọ́ ọ díẹ̀, kí inú rẹ̀ lè ru dáadáa. Bí Akínlàbí bá ti dárúkọ ìyàwó rẹ̀, á dá orin náà dúró lójú ọ̀nà, kò ní pa á dé, á fi ìbínú gbá ìdérí kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, á lọ sígbó. Orin náà kò parí rí. Ó kàn há síbẹ̀ ni, lẹ́nu ṣíṣí.

Orin náà gbójú sókè. “Baálé Àyọ̀ká,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kú. Ẹni tó kọ mí ti gbàgbé mi. Ẹni tí wọ́n kọ mí fún kò rántí mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń jí mi láràárọ̀, ẹ ẹ̀ jẹ́ kí n kọrin tán, ẹ ẹ̀ jẹ́ kí n sùn. Irú ìfẹ́ wo ni ẹ ní sí mi?”

Ọdẹ́gbèmí fẹ́ ṣí ọwọ́. Ọwọ́ kò ṣí. Ó fi ọwọ́ òsì fa ìka ọwọ́ ńlá náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún ń padà.

“Gbọ́ ọ dópin,” ni arúgbó wí. “Ọwọ́ yẹn kò mọ̀ pé orin lópin.”

Ìyẹn ni ìdánwò tó le jù nínú gbogbo ìrìn-àjò náà. Ó jókòó. Orin bẹ̀rẹ̀:

*Àyọ̀ká o, Àyọ̀ká,*
*ọ̀nà ilé yín kò jìn lójú mi mọ́.*
*Òjò ń rọ̀, mò ń bọ̀,*
*oòrùn ń mú, mò ń bọ̀,*
*Àyọ̀ká o...*

Ibi tó máa ń dá a dúró nìyẹn. Ó ń payín keke. Ó jẹ́ kó máa lọ. Akínlàbí yin ọrùn Àyọ̀ká, Ọdẹ́gbèmí farada á. Ó yin ìrìn rẹ̀, ọdẹ di koríko mú. Ó ní òun á kọ́ ilé fún un, yóò ní fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn, Ọdẹ́gbèmí sì rántí pé ilé tòun, ìdí ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Orin ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, ó tán.

Ṣùgbọ́n fóònù tó gbà á kò tíì dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ohùn mìíràn jáde, ohùn ọmọbìnrin, kò le, kò sì dẹ̀. Àyọ̀ká ni.

“Orin rẹ dùn, Akínlàbí,” ni ohùn náà wí. “Ó dùn gan-an. Ṣùgbọ́n má wá mọ́. Ọdẹ kan wà tó ń wá sílé wa. Kò mọ orin kọ. Níta, wọ́n ní ó máa ń fọ́nnu, ṣùgbọ́n bó bá dé ọ̀dọ̀ mi, á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò ní rí nǹkan kan sọ. Tó bá ti dìde lọ, mi ò ní mọ ohun tí mo fẹ́ fi ara mi ṣe mọ́. Òun ni mo fẹ́. Má bínú.”

Ọwọ́ ńlá náà ṣí fúnra rẹ̀.

“Ẹ ṣeun,” ni orin wí, ó sì dìde.

“Dúró!” Ọdẹ́gbèmí fò sókè. “Dúró ná! Má lọ! Tún ibi ìparí yẹn sọ! Ibi ìparí yẹn nìkan!”

Àwọn ẹ̀ṣọ́ Adúró-de-Ìpè ti dé. Wọ́n ní àṣẹ ti wà nílẹ̀ pé kí ẹni yìí má jókòó. Ọdẹ́gbèmí bẹ̀ wọ́n, ó ní kí wọ́n fún un ní àga, kó jókòó díẹ̀ péré, kódà kó jókòó sí ẹsẹ̀ òun. Wọ́n dé ìlú, Baálẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì pé kò sí ohun tóun lè ṣe mọ́. Orin kọjá láàárín ìlú, gbogbo àwọn tó ń dúró de ìpè dìde wò ó, ó sì tú ká bí èéfín ìdáná lówùúrọ̀. Ohùn Àyọ̀ká bá a lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ọkùnrin tó wá jowú ẹlòmíràn, tó wá ń jowú ara rẹ̀. Ọdẹ tí ọmọbìnrin yẹn sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, Ọdẹ́gbèmí ń jowú rẹ̀ ju bó ṣe jowú Akínlàbí lọ. Ẹni yẹn kò tíì fi ọ̀rọ̀ oníbúrẹ́dì da Àyọ̀ká láàmú. Ẹni yẹn kò tíì jẹ́ kó di báàgì.

Egbé gbé e padà. Oòrùn ọ̀sán ti mú nígbà tó jáde nínú ṣọ́ọ̀bù, tó so àkísà mọ́ ọrùn ọwọ́. Àyọ̀ká wà nínú iyàrá ìgbàlejò, báàgì rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti wọ bàtà.

“Ẹ káàbọ̀,” ó ní. “Ta ni?”

Ọdẹ́gbèmí la ẹnu.

“Èmi ni.”

“Ẹ̀yin kẹ̀?”

“Èmi ni mo ṣí i sílẹ̀. Láràárọ̀, bí o bá ti lọ sódò. Mi ò pa á dé rí. Ó ti lọ báyìí. Mo gbọ́ ọ tán.”

Àyọ̀ká wo àkísà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

“Àyọ̀ká,” ni Ọdẹ́gbèmí wí, “lọ́jọ́ tí Akínlàbí kọrin yẹn, nígbà tó kọ ọ́ tán, kí lo sọ fún un?”

“Ìgbà wo? Haa, ó ti pẹ́ jù. Mi ò rántí. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹ sọ ọ́ fún mi.”

Ó fẹ́ sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ló wà ní etí rẹ̀, kò sí èyí tó sọ nù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé e dé ẹnu báyìí, ìtìjú á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, eruku igbó tí kò sí láyé ṣì wà lára rẹ̀. Kò rí nǹkan kan sọ.

Àyọ̀ká wò ó títí. Nígbà tó yá, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé báàgì náà, ó sì padà wọ yàrá. Ọdẹ́gbèmí gbọ́ ìró síìpù, kò gbójú sókè.

Ibi tí mo bá wọn dé nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n bára wọn sọ lẹ́yìn ìyẹn, kó lọ kan ilẹ̀kùn wọn fúnra rẹ̀. Èmi ti délé tèmi.